Ehoro Kì í Ké

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù karùn-ún, 2016

Ẹ̀yìn ìwé bàólójì mi ni mo ń kọ eléyìí sí. Ilé-ìwé ò fẹ́ mi mọ́, ṣùgbọ́n ìwé wọn ṣì kù lọ́wọ́ mi.

Mo ti dé Kuje, sọ́dọ̀ Àǹtí Fẹ̀yìntọlá, àbúrò màmá mi. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo fi ohùn Fáìsì Pìrìnsípà wa kéde pé kò sí ẹ̀kọ́ lónìí, kí kálukú máa lọ sílé. Ìdajì ilé-ìwé ti dé títì kí Fáìsì fúnra rẹ̀ tó jáde wá béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá mi ní Kábbà ní òun ò ní sanwó ilé-ìwé fún aláwàdà.

Àǹtí ló ń gbálẹ̀ tó sì ń fọ kéèjì ní ilé ẹran tó wà nínú ilé ìwádìí oògùn kan lọ́nà Kwali. Ó ti bá mi tọrọ iṣẹ́ níbẹ̀, kí n máa gé koríko fún ehoro. Ó ní tí mo bá jókòó sílé, màá ba ọmọ òun jẹ́. Mofìyìnfólúwa lọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àǹtí ò mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti àná, Mofìyìn ti lè ṣe ewúrẹ́, pẹ́pẹ́yẹ, àti ìyá rẹ̀ tó bá ń bínú.

Tòmátò wọ́n bí wúrà. Ata gbígbẹ la fi se ọbẹ̀.

Ọjọ́rú, 25

Mo rí wọn lónìí. Gbogbo wọn funfun, ojú wọn pupa bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú. Yàrá méjì ni. Àwọn ti yàrá iwájú ni wọ́n ń dán oògùn wò lára wọn. Àwọn ti yàrá ẹ̀yìn, ọmọ ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bí, ẹnikẹ́ni kì í fún wọn ní nǹkan kan ju oúnjẹ lọ. Bàbá Jàbárù ló ń tọ́jú gbogbo wọn. Ará Ìlọrin ni, irungbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó máa ń bá ehoro sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ.

Etí àwọn kan pupa rúsúrúsú. Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ni.

"Làálì ni. Ọ̀dà tí wọ́n fún wa, wọ́n ń lá a kúrò lára ara wọn. Mo bá gba làálì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Èyí, àfi tí irun bá re. Etí ọ̀tún, oògùn púpọ̀. Etí òsì, oògùn díẹ̀. Èyí tí kò bá ní làálì, omi lásán ló ń mu."

"Kí ni Dókítà wí?"

"Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára."

Ó rẹ́rìn-ín. Dókítà tó ń rẹ́rìn-ín nílé tí ẹran ti ń kú, ó yẹ kéèyàn máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Mo ti rí i. Dókítà Rosemary Adébíyì, obìnrin kúkúrú, ohùn gígùn. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo iṣẹ́ tó bá sì rán èèyàn, ìparí rẹ̀ kan náà ni. Mú sìríǹjì yẹn wá, kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ti ilẹ̀kùn yẹn, kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀?

Kí oòrùn tó wọ̀ mo ti mú ohùn rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé, mo fún imú mi: "Bàbáa Jàbárù! Ẹ máa bọ̀ lọ́fíìsì, kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!" Bàbá ju abọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ. Nígbà tó padà dé, ó ń yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú ìka. Ó ní Dókítà lóun ò pè é.

"Àgbà ti ń dé," ó sọ fún ehoro kan.

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 30

Mofìyìn ní kí n ṣe ehoro. Ó bá mi lójijì. Mo mọ ohùn gbogbo ẹran tó ń rìn ní Kuje, títí dé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ kí ehoro ké rí. Mo dúró tì wọ́n láti àárọ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n yàgbẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gbì, wọ́n ń gbọn imú. Ohùn ò sí.

"Bàbá, ṣé ehoro kì í ké ni?"

"Ó ń ké."

"Báwo ló ṣe ń ké?"

Ó wò mí títí. "Má gbàdúrà kí o gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ rí látìgbà tí mo ti wà níbí."

Ohun kan wà tó ń fi pamọ́ fún mi. Nílé, mo gbọn imú fún Mofìyìn. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹfà

Mo ti sọ ọ̀kan lórúkọ. Bàbá Jàbárù ní nọ́ńbà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí eléyìí ṣe ń jẹun: ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó ká wa mọ́ ìdí olè. Fáìsì Pìrìnsípà gẹ́lẹ́. Fáìsì lorúkọ rẹ̀. Etí ọ̀tún rẹ̀ ni làálì wà. Tí mo bá fi ohùn Fáìsì tòótọ́ bá a wí, etí méjèèjì á dìde ṣánṣán.

Dókítà ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń bá a wí.

"Ṣé àánú wọn ń ṣe ẹ́ ni?"

"Kí ni wọ́n ṣe, mà, tí ẹ fi ń da oògùn sí wọn lọ́fun?"

"Oògùn ibà ọmọdé ni. Iléeṣẹ́ kan fi ewé àti egbò sè é, wọ́n fẹ́ máa tà á fún àwọn ìyá. Ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mu ún, ká lè mọ ohun tó ń ṣe. Ta lo fẹ́ kó kọ́kọ́ mu ún?"

"Ẹni tó sè é."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Mo kíyè sí i pé kò dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, Bàbá Jàbárù ò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹni tó sè é dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán, Jahi ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹ̀rín rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, lọ́fínńdà á tẹ̀ lé e, kí òun fúnra rẹ̀ tó wá dé. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Ehoro ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó fún Àǹtí ní ọṣẹ. Ó na ọwọ́ láti pa Fáìsì lórí, Fáìsì yí ìdí sí i.

Nígbà tó ń lọ, dírẹ́bà rẹ̀ gbé odidi àpò ìrẹsì kan láti inú jíìpù sínú bùùtù Dókítà. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Àpò ìrẹsì ti ń lọ sí ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà. Ta ní ń fún èèyàn ní irú ẹ̀ lásán?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Ẹlẹ́tí ọ̀tún kan kú mọ́jú. Dókítà là á wò, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bàbá Jàbárù dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e gba ẹ̀yìn lọ. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lónìí. Oṣù ààwẹ̀, ẹran ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tó ń dúró de ìṣínu nílé. Mo rá kòrò tẹ̀ lé e nínú koríko.

Ó dé ìdí kòtò kan. Ó gbé ọ̀rá sí i, ó bu kẹrosíìnì lé e, ó ṣáná. Ó dúró tì í títí ó fi jóná tán, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú.

"Dọ̀tun, jáde nínú koríko yẹn. Paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo fò jáde.

"O rò pé mo fẹ́ lọ sè é jẹ."

"Rárá o, sà."

"O rò bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jẹ ohun tó ti mu nǹkan yẹn?" Ó fi igi tú eérú. "Ọlọ́run á bi wá léèrè wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń wá èsì tí màá fọ̀."

"Ẹ ti rí i?"

"Mo ní màá sọ pé a ò fi wọ́n ṣeré."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Òjò láti àárọ̀. Iná ò sí. Àwọn ọlọ́kọ̀ Kwali ti fowó kún owó ọkọ̀, wọ́n ní epo bẹntiróòlù ló fà á. Gbogbo nǹkan ni epo ń fà.

Ọjọ́ Ajé, 27

Fáìsì ò jẹ koríko mọ́. Mo mú ewé ọ̀dùnkún wá fún un láti Kuje, ó kàn ń fi imú tì í.

"Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, gbogbo wọn ló parí," Bàbá Jàbárù ní. "Wọ́n máa là wọ́n, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀ wọn."

"Àwọn tó ń mu omi náà? Kí ni wọ́n jẹ ní gbèsè?"

"Kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀dọ̀ tí kò mu nǹkan kan ṣe rí."

"Àwọn ti yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀."

Mo ti ro ó láti ìrọ̀lẹ́. Ọlábímtán ti gbé ìrẹsì wá. Ìrẹsì ti wọ bùùtù. Ohunkóhun tí ẹ̀dọ̀ Fáìsì bá sọ, ohun tí Dókítà máa kọ ti wà nílẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Fáìsì ń kú lé lórí?

Ọjọ́bọ̀, 30

Khàdíjàt ní ilé kejì nìkan ni mo lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti ìyá rẹ̀ ń lé làálì fún àwọn obìnrin tó ń múra ọdún, ìlà wọn ti gùn dé ẹnu ọ̀nà.

"Fún mi ní díẹ̀ lára ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ọwọ́ àbí ẹsẹ̀?"

"Etí."

"Etí ta?"

"Etí ehoro."

Ó gbé páànù làálì sílẹ̀. "Kai! Dọ̀tun, ọ̀run lo ń lọ yìí, tààrà, láìyà síbì kankan."

"Ṣé o máa fún mi àbí o ò ní fún mi?"

"Èló ni ehoro náà máa san?"

Ó fún mi. Ó ní kí n fi ọ̀rá dì í, kí n fún un láyè kó mú dáadáa. Ó tún ní mo lè fi Fáìsì sínú ilé adìẹ ìyá òun, tí mo bá lè ṣàlàyé fún àwọn adìẹ.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù keje

Mo ti ṣe é.

Àǹtí dúró sílé nítorí Mofìyìn. Dókítà ti lọ sí Jahi. Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti fún àwọn ehoro ní oògùn ìkẹyìn. Láàárọ̀, nígbà tí Bàbá Jàbárù ń pọn omi, mo mú ọ̀kan ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tó tóbi bíi Fáìsì. Mo kun etí ọ̀tún rẹ̀, mo fi ọ̀rá dì í, mo gbé e pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ koríko lẹ́yìn ilé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti mú, ó tilẹ̀ dára ju ti Bàbá lọ.

Mo lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé. "Bàbáa Jàbárù! Mo wà ní géètì! Ẹ máa bọ̀, kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!"

Géètì jìnnà. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ tó ń lọ, pẹ̀lú ebi ààwẹ̀ lára.

Mo gbé Fáìsì jáde, mo fi í sínú àpò. Mo wá na ọwọ́ sí èkejì nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ń kánjú. Etí ni mo fi fà á sókè.

Ó ké.

N ò ní kọ bó ṣe dún sínú ìwé yìí.

Mo jù ú sínú kéèjì Fáìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sá. Nínú ọkọ̀, àpò ń mì. Ìyá kan tó gbé ìkòkò amọ̀ Kwali lé itan wò mí, ó ní kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní adìẹ ni.

"Adìẹ tí kì í ké?"

Mo pa ètè dé, mo fi ọ̀fun ké bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé ẹyin sí.

"Yauwa," ó ní, ó yíjú sójú fèrèsé.

Ọjọ́rú, 6

Ọdún. Ìyá Khàdíjàt gbé ẹran àti tùwó wá. Fáìsì jókòó láàárín àwọn adìẹ, wọ́n bọ́ sí igun kan, òun bọ́ sí igun kejì. Ó mu omi. Kò jẹun. Mo rò pé tí kò bá mu oògùn yẹn mọ́, ara rẹ̀ á yá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Wọ́n kọ́kọ́ wọn àwọn ehoro. Nígbà tó kan èyí tí mo fi sípò Fáìsì, Dókítà wo òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. "Eléyìí sanra sí i!"

"Ọdún ni, mà," mo ní. Ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sẹ́yìn ògiri, etí mi lé fèrèsé. Mo ní wọ́n á ké báyìí, gbogbo wọn, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, gbogbo Kwali á sì gbọ́ irú èèyàn tí Dókítà Rosemary jẹ́. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ohùn Dókítà nìkan ni mo ń gbọ́. Kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kíákíá o, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sọ ọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ké.

Àǹtí ló ń gbé korobá jáde. Ó ní ẹ̀dọ̀ àwọn oní-omi dán. Ti ẹlẹ́tí òsì ní àbààwọ́n díẹ̀díẹ̀. Ti ẹlẹ́tí ọ̀tún rí bí iṣu tó ti rà.

"Àfi ọ̀kan. Ó mu bí àwọn yòókù ṣe mu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń dán bíi díńgí. Dókítà wò ó, ó tún un wò."

Ọlábímtán wà níta, ó ń dúró. Nígbà tó gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i! Tó bá jẹ́ oògùn wa ni, ṣé ó máa fo ọ̀kan dá? Àrùn ló wọ ilé ẹran yín, Dókítà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí."

Dókítà ní kó fún òun láyè kóun ronú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Inú etí òsì Fáìsì, èyí tí kò ní làálì, ti pọ́n bíi gààrí olépo. Ikùn rẹ̀ wú. Khàdíjàt ní, "Ṣé a gbé e wá síbí kó wá jìyà pẹ́ ni?" Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní ilé òun nìyí.

Ọjọ́ Ajé, 11

Dókítà ka àwọn ti yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀kan dín.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ta ló wọlé síbí?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé. N ò kúrò níbí, àfi ìgbà tí ẹ pè mí sí géètì."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ọdún."

"Bàbá, Jahi ni mo wà lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ pè mí. Mo gbọ́ yín. Mo dé géètì, n ò bá yín níbẹ̀."

Ọlábímtán, tó wá fún ìwé rẹ̀, rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹran ọdún ló pè é."

Bàbá Jàbárù ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, Dókítà. Ẹnu ààwẹ̀ lẹ ní mo fi ń purọ́?" Ohùn Bàbá wá rẹlẹ̀. "Àbí etí mi ni?"

Dókítà ní kó lọ sinmi nílé ná, títí òun á fi rídìí ọ̀rọ̀. Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó lọ kí àwọn tó kù ní yàrá ẹ̀yìn, ó jáde. Àǹtí wò mí. Mo wo koríko.

Ọjọ́rú, 13

Ibà ti mú Mofìyìn láti àná. Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mú ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Mo mọ àwọ̀ oògùn náà kó tó ṣí i.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán fún gbogbo wa. Ó ní ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i."

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gbé àwọn ẹ̀dọ̀ yẹn dànù!"

"Èmi náà ni mo rí èyí tó mọ́. Òun náà mu púpọ̀. Dókítà gan-an ti ń sọ pé bóyá àrùn ni lóòótọ́. Ya ẹnu, Mofìyìn."

Mofìyìn ya ẹnu.

Mo gbá ṣíbí náà. Oògùn dà sórí ibùsùn. Àǹtí fọ́ mi létí, ó tún fọ́ mi.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Èyí tó mọ́ yẹn ò mu ún rí, Àǹtí."

"Kí lo wí?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ohùn tèmi ò jáde. Ti Dókítà ló jáde, látinú imú, pẹ̀lú omijé: "Bàbáa Jàbárù! Mo wà ní géètì! Ẹ máa bọ̀, kíákíá o..."

Àǹtí jókòó sórí oògùn tó dà sílẹ̀, kò mọ̀ pé òun jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ó pọn Mofìyìn, a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ara Mofìyìn ti ń rọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un.

Àǹtí ní òun ò ní bá mi sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Jàbárù, ó fà mí dé ọ́fíìsì Dókítà, ó tì mí síwájú. Ọlábímtán wà níbẹ̀, ó ti mú kálámù ara rẹ̀ wá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọlábímtán ní, "Ọmọ tí wọ́n lé ní ilé-ìwé lẹ máa gbà gbọ́?"

Mo bá yíjú sí ògiri, mo fún imú mi, mo pe Bàbá Jàbárù. Bàbá ti dìde kó tó mọ̀. Ó dúró síbẹ̀, fìlà lọ́wọ́, ó wo Dókítà tí kò la ẹnu, ó wá wò mí. N ò rí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí, bàbá mi pàápàá ò wò mí bẹ́ẹ̀.

"Etí mi ò bàjẹ́," ó ní. Ìyẹn nìkan.

Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ níwájú Ọlábímtán. "Ẹ mu ún, sà."

"Èmi ò ní ibà."

"Àwọn ehoro náà ò ní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí gbogbo wọn jáde, kó ku èmi.

"Ó ṣì wà láàyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò yá."

"Mo ní láti rí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Tí n ò bá rí i, ẹlẹ́tí ọ̀tún kan ò sí nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n á ní kí n tún un ṣe. Màá tún ra ehoro tuntun, màá tún da oògùn yẹn sí wọn lọ́fun. Àwọn tó kú lọ́jọ́ Ẹtì á ti kú lásán." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "N ò ní fipá gbà á lọ́wọ́ ẹ. Gbé e wá, àbí kí o má gbé e wá."

"Ìrẹsì yẹn ńkọ́, mà?"

"Ìrẹsì wo?"

"Èyí tó wọ bùùtù yín."

"A jẹ ẹ́ nílé. Kò yẹ kí n gbà á. Kò sì yí ohun tí màá kọ padà."

Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. N ò mọ ìdajì wo.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo gbé e lọ. N ò fi í sínú àpò, àyà mi ni mo gbé e lé nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Dókítà ní kí n dì í mú, pé ẹran tó bá mọ ọwọ́ kì í bẹ̀rù. Mo fi ohùn Fáìsì Pìrìnsípà bá a wí díẹ̀. Etí dìde, ọ̀kan pupa, ọ̀kan pọ́n. Dókítà fi abẹ́rẹ́ sí i. "Kíákíá o," ó ní, n ò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ fún tàbí ọwọ́ ara rẹ̀, "ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó ṣeé ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ti rí i báyìí. Kò ké.

Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rí bí ti àwọn yòókù. Dókítà kọ ọ́ lójú mi.

Bàbá Jàbárù ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí kòtò, mi ò fara pamọ́ sínú koríko. Ó ṣáná. A jọ dúró, ó gba apá kan, mo gba apá kan.

"Bàbá, èsì tí ẹ ní ẹ máa fọ̀ yẹn, ṣé èmi náà lè..."

"Tèmi nìyẹn. Èmi ò fi wọ́n ṣeré." Kò yíjú wò mí. "Wá tìẹ."

Ọjọ́ Àìkú, 24

Dókítà ò fọwọ́ sí oògùn náà. Àǹtí gbọ́ pé Ọlábímtán ti ń wá ilé ìwádìí mìíràn tí àrùn ò sí. Èmi, wọ́n ti ní n ò gbọdọ̀ dé ilé ẹran mọ́. Mo ń bá ìyá Khàdíjàt fọ ilé adìẹ.

Fáìsì kọ́ ni mo ń rò lóru. Èyí tí mo fi sípò rẹ̀ ni. Kò mu nǹkan kan ju omi lọ, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀, Bàbá ti sọ fún mi. N ò tilẹ̀ fún un lórúkọ.

Ara Mofìyìn ti le pátápátá. Ó gun itan mi lẹ́yìn ìsìn.

"Dọ̀tun, ṣe ewúrẹ́." Mo ṣe ewúrẹ́. "Ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Mo ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. "Ṣe ehoro."

Mo gbọn imú.

"Rárá, ohùn ẹ̀."

Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró.

"Ehoro kì í ké," mo ní.